Ìyá Eléré Dá Yín Lóhùn: Rubavu Ń Pè, Àwọn Ọmọ Ń Retí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju ojú ewé tí olóòtú fún mi lọ. Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú àyè yìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn.

*Ìyá Eléré, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìdó-Èkìtì, ọmọ ọdún 31. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún triathlon tí wọ́n máa ń ṣe ní Rubavu, lórílẹ̀-èdè Rùwáńdà, nínú oṣù kẹjọ: èèyàn á lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á tún sáré, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti sanwó, wọn kì í dá a padà. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ triathlon ni mo ti ń lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Adó ní gbogbo Sátidé, láti kọ́ wọn ní ìṣirò àti ìwé kíkà. Èmi náà ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ fún àwọn opó ìjọ wa. Mo sì máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, torí mo ti fi ojú mi rí ohun tí àìsí ẹ̀jẹ̀ ń fà ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ní báyìí, tí mo bá jí, ṣe ló dà bíi pé mi ò sùn rárá. Ọ̀fìnkìn kò kúrò lára mi. Mo ti pa Sátidé mélòó kan jẹ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí pé, "Àǹtí, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?" Ìyá mi ní ta ló rán mi níṣẹ́ eré. Pásítọ̀ wa ní kí n túbọ̀ máa gbàdúrà. Ìyá Eléré, èwo ni kí n fi sílẹ̀?*
*— Nọ́ọ̀sì Ẹlẹ́sẹ̀ Yíyá, Ìdó-Èkìtì*

Ọmọ mi, ìbéèrè ọmọ yẹn ni màá kọ́kọ́ mú. Ọmọ tó ń gbé nírú ilé bẹ́ẹ̀ ti rí oríṣiríṣi àǹtí àti bọ̀ọ̀dá tó wá lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò padà wá mọ́. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. (Fọ́tò yẹn tiẹ̀ máa ń bí mi nínú. Ojú ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé sórí fóònù káwọn ọ̀rẹ́ wa lè kí wa kú iṣẹ́.) Ọmọ náà kò mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ lo ṣe mọ́jú, kò sì mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Rubavu. Ohun tó mọ̀ ni pé àǹtí kò wá, ó sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ náà lára ara rẹ̀. Nítorí náà, ibẹ̀ kọ́ lo máa fi sílẹ̀. Oúnjẹ àwọn opó lo máa gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ lo máa sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Eré náà, ṣe é, ṣùgbọ́n ṣe é bí ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn nílé ayé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìyìn, àwọn bàbá wa ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ọ̀rẹ́ bíi márùn-ún á jọ ro oko èyí lónìí, wọ́n á ro ti tọ̀hún lọ́tùn-únla. Ẹni tí kò bá yọjú ti jẹ gbèsè, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó fẹ́ mọlé tàbí tó fẹ́ kọ ebè á bẹ àwọn èèyàn lọ́jọ́ kan, á gún iyán, á gbé ẹmu kalẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó lè wà nínú àáró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kí igbó má bo oko tirẹ̀. Ìwọ wà nínú mẹ́ta: àwọn ọmọ, àwọn opó, àti báǹkì ẹ̀jẹ̀. Eré gígùn ni ìkẹrin, torí òun náà kì í gbà kéèyàn pa ọjọ́ jẹ. Mú àáró kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ àánú rẹ títí eré á fi kọjá. Sọ àwọn tó kù di ọ̀wẹ̀.

Ní ti oúnjẹ àwọn opó, mo mọ̀ pé o rò pé ìsinmi ni, torí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ara kò mọ ìyẹn. Kí o gbé àpò ìrẹsì wọlé, kí o ro ọkà nínú ìkòkò ńlá, kí o dúró lórí sìmẹ́ǹtì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ ti ṣe ìdánrawò gígùn kan lọ́jọ́ náà. Bí o bá wá gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kejì, méjì tó le ló tẹ̀ léra wọn yẹn, ìwọ sì rò pé ọ̀kan lo ṣe. Kọ iṣẹ́ ìdáná sínú ìwé ìdánrawò rẹ, kí o kọ iṣẹ́ alẹ́ náà sí i, kí o wá wo bí ọ̀sẹ̀ rẹ ṣe rí. Ẹ̀rù á bà ọ́.

Fa kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ àti ìwé owó lé igbákejì rẹ lọ́wọ́. Jẹ́ kó ṣe olórí ní tòótọ́, má máa pè é lórí fóònù láti bèèrè bóyá iyọ̀ tó. Nínú oṣù kẹsàn-án, lọ bá a bóyá ó ṣì fẹ́ kí o padà sípò. Ó lè ní òun ò fẹ́, o sì gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn opó kò bìkítà ọwọ́ ẹni tó ro ọkà, bó bá ṣáà ti gbóná tí ọbẹ̀ sì dùn. Àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n ń wo ojú tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tó ń sá eré gígùn fetí sí. O mọ̀ jù mí lọ nídìí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé o kò tíì fi ojú eléré wò ó. Nǹkan bíi 450 mililítà ni wọ́n ń gbà lára èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Omi inú rẹ̀ á padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí o bá ń mu omi dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú iṣan ni kì í tètè padà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, èròjà irin tí ara kó pamọ́ sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, o lè ṣe iṣẹ́ ọsibítù láì mọ ohunkóhun lára, ṣùgbọ́n òkè tí o máa ń fi ẹ̀rín gùn tẹ́lẹ̀ á wá di ẹrù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọkùnrin dúró fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, kí obìnrin dúró fún ọ̀sẹ̀ 16, kí wọ́n tó tún fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. O kò sọ iye ìgbà tí o ń fi tìrẹ tọrẹ lọ́dún. Bí kò bá tó ọ̀sẹ̀ 16 láàárín ìkan sí ìkejì, ibi tí àárẹ̀ rẹ ti ń wá lè má jìnnà.

Tún wo ibi tí o ń lọ. Etí adágún Kivu ni Rubavu wà, adágún náà sì fi nǹkan bíi 1,460 mítà ga ju ojú òkun lọ. Adó-Èkìtì wa yìí, tí gbogbo wa ń fi òkè rẹ̀ yangàn, kò ga tó ìdajì ìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń rí gbé ń dín kù. Má ṣe lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò kún.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ni àyájọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lágbàáyé, mo sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á máa wojú rẹ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje péré ni. Má na apá rẹ. Jókòó sídìí tábìlì, máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa kọ orúkọ, kí o sì mú èèyàn mẹ́ta tí kò fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ rí dání lọ. Páìńtì mẹ́ta ju ẹyọ kan lọ, bí a bá fi ọgbọ́n ìṣirò tí o fi ń kọ́ àwọn ọmọ wò ó. Tí eré bá ti kọjá, tí PCV rẹ (ìdíwọ̀n tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀) sì dára, oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, oṣù tí wọ́n fi ń polongo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn aláìsàn yẹn kì í yéé nílò ẹ̀jẹ̀. Lọ fún wọn ní tìrẹ nígbà náà.

Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, yẹ PCV rẹ wò lọ́sẹ̀ yìí, kí dókítà sì rí ọ, nítorí àárẹ̀ àti ọ̀fìnkìn tí kò lọ lè ju ọ̀rọ̀ eré lọ. Má kàn máa gbé oògùn irin mì láìṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ màlúù wà lọ́jà, sì máa fi ọsàn tì í lẹ́yìn. Tíì tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì fẹ́ràn láti máa mu pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ sún un síwájú fún wákàtí kan, torí kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀fọ́ bó ṣe yẹ.

Wàyí o, eré fúnra rẹ̀. Èyí tí o forúkọ sílẹ̀ fún ni wọ́n ń pè ní 70.3, ìyẹn àròpọ̀ máìlì rẹ̀: ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 1.9, kẹ̀kẹ́ 90, eré sísá 21.1. Wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti parí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ parí, tí kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ ló ń wá, lè fi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ múra sílẹ̀. Ètò ìdánrawò tí o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń jáde níbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ní Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n ṣe é fún. Ìwọ kò ní Sátidé. Ohun tí o ní tí wọn kò ní ni ọjọ́ ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Sun ọjọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Mo tún un sọ: sùn. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn mọ́jú kò gbọ́dọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ sórí títì Ìfàkì láàárín àwọn awakọ̀ tó ń sáré lọ Adó. Ọjọ́ kejì ni kó o gun kẹ̀kẹ́ rẹ tó gùn, kí o sì fi eré ṣókí tì í lójú ẹsẹ̀ kí itan lè mọ bó ṣe ń rí láti bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kéèyàn máa sáré. Eré sísá tó gùn ni ìkejì tí o kò gbọdọ̀ pa jẹ. Àwọn tó kù, bí iṣẹ́ bá gbà wọ́n, jẹ́ kó gbà wọ́n, má sì gbìyànjú láti san wọ́n padà lọ́sẹ̀ kejì.

Sátidé tí o bá ń lọ bá àwọn ọmọ ni kó o fi lúwẹ̀ẹ́. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ní adágún ìwẹ̀ wà ní Adó. Dé ibẹ̀ ní kùtù kí àwọn àlejò tó jí, ṣe tìrẹ, jẹun, kí o wá lọ bá àwọn ọmọ ní aago mẹ́wàá. Iṣẹ́ ìjókòó ni ìṣirò, ẹsẹ̀ rẹ á sinmi. Ṣùgbọ́n má lọ ní gbogbo Sátidé mọ́. Máa lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kó o sì kọ gbogbo ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ògiri wọn láti ìsinsìnyí títí dé oṣù kẹjọ, lẹ́yìn tí o bá ti rí ètò iṣẹ́ rẹ. Má sọ fún ọmọdé pé "tí mo bá ráyè." Sọ fún un pé ọjọ́ báyìí ni, kí o sì wá. Ọmọ tó bi ọ́ léèrè yẹn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o sọ fún un pé kò ṣẹ̀ ọ́. Fi Rùwáńdà hàn án lórí máàpù. Jẹ́ kó ro 1.9 pọ̀ mọ́ 90 mọ́ 21.1, kó sọ fún ọ bóyá orí rẹ pé.

Ní òwúrọ̀, kí o tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá yá, wàá mọ iye tó máa ń jẹ́. Bó bá fi bíi méje sí mẹ́wàá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òwúrọ̀ méjì-mẹ́ta léraléra, má ṣe eré kankan lọ́jọ́ náà, kódà bí ètò bá sọ pé kó o ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ńkọ́? Òkè Ẹ̀fọ̀n dára fún itan ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tójú wa ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dá lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Ẹ lọ ní ẹgbẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ẹnì kan nílé sì mọ ọ̀nà tí ẹ gbà. Bí kò bá sí ẹgbẹ́, irin kan wà tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lé, tí o lè máa wà á lójú kan nínú pálọ̀. Kò nílò iná NEPA, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ó ku ìyá rẹ, tó ní ta ló rán ọ níṣẹ́. Sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé kò sẹ́ni tó rán ọ, pé o fẹ́ràn rẹ̀ ni. Mo rí i pé nínú lẹ́tà rẹ, ṣe lo to àwọn iṣẹ́ àánú rẹ jọ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì nítorí eré. Obìnrin lè fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ láìfi opó bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní eré sísá ní Adó, kò sí èyí tí mo ní kó wí àwáwí kó tó gbádùn ẹsẹ̀ tirẹ̀.

*Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Adó, ọmọ ọdún 44. Mo fẹ́ lọ ṣe triathlon tó gùn jù ní Gqeberha, Gúúsù Áfíríkà, mo sì fẹ́ fi kó owó jọ láti ra kẹ̀kẹ́ ìjókòó (wheelchair) fún àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé kan. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ti ń sọ lẹ́yìn mi pé owó ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń fọgbọ́n tọrọ. Báwo ni mo ṣe lè bèèrè láìtijú? Bí mi ò bá sì parí eré náà ńkọ́?*
*— Alákọ̀wé, Adó-Èkìtì*

Alàgbà, ẹ má bínú sí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín. Ìbéèrè wọn tọ̀nà, ohun tó sì kù ni kí ẹ dá wọn lóhùn kí wọ́n tó bèèrè. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà ìtọrọ yín pé ẹ̀yin lẹ ń san owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé apá kan owó náà ló máa gbé yín lọ, ẹ sọ iye rẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣì fún yín. Ohun tí èèyàn kò lè dárí jini fún ni kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí owó má wọ àpò yín rárá. Kí ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ òbí ṣí àkáǹtì, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin má sì sí lára wọn. Kí ẹ tó dárúkọ iye kan, ẹ lọ wádìí ohun tí kẹ̀kẹ́ ń ná wa, kí ẹ bu owó táyà àti àtúnṣe mọ́ ọn, torí ọ̀nà wa kì í ṣe ti àwòrán inú ìwé. Kẹ̀kẹ́ tó tóbi ju ọmọ lọ ń pa ẹ̀yìn ọmọ lára, nítorí náà kí oníṣègùn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí irú kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ tó di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Ẹ béèrè ohun tí àwọn ọmọ náà fẹ́ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Dick Hoyt fún yín. Rick ọmọ rẹ̀ kò lè rìn, kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ló fi ń sọ èrò rẹ̀. Ní 1977, wọ́n ṣe eré máìlì márùn-ún láti fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún eléré ìdárayá kan tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Rick ló sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ kópa. Ẹni tí gbogbo ayé ń wò pé ó yẹ kí wọ́n ṣàánú fún ni ọkàn rẹ̀ fà sí àtiṣàánú ẹlòmíràn. Bàbá tì í lórí kẹ̀kẹ́ ìjókòó rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìkẹyìn, ọmọ sì sọ fún un lẹ́yìn rẹ̀ pé nígbà tí àwọn ń sáré, ó dà bíi pé òun kì í ṣe aláàbọ̀ ara. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí triathlon. Bàbá á so ọkọ̀ ojú omi kékeré mọ́ ara, á fi ìwẹ̀ fa ọmọ, á gbé e síwájú kẹ̀kẹ́, á tún tì í sáré, wọ́n sì parí eré ńlá Hawaii bẹ́ẹ̀ ní 1989. Ó lè jẹ́ pé nínú àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún, a rí èyí tó fẹ́ wà nínú eré náà, kì í ṣe kó kàn wà nínú fọ́tò rẹ̀. Ẹ ṣe ọjọ́ kan ní pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ́ wá, kí wọ́n máa ti àwọn ọmọ náà yípo. Kí owó ìwọlé wọ àkáǹtì yẹn níbẹ̀. (Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sáré ní pápá yẹn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà lára àwọn mẹ́rin tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré àfiléra mítà 100 lọ́nà mẹ́rin ní Barcelona, 1992. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ.)

Bí ẹ kò bá parí ńkọ́? Kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lẹ́sẹ̀, láàárín wákàtí 17: akọni pàápàá ń jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ má so kẹ̀kẹ́ ọmọ mọ́ orúnkún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí pé tí ẹ bá parí lòun á san. Ẹ gba owó kí ẹ tó lọ, ẹ ra kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó lọ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ fi ìwé ẹ̀rí rírà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dáwó. Ẹ̀yin nìkan ni kó máa dun bí ẹ bá jáwọ́.

*Ìyá Eléré, mo ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, mo ti lé ní ọdún 57. Mò ń rìn káàkiri Òkè Olósùnta láràárọ̀, mo sì wà lára àwọn obìnrin tó ń bẹ àwọn arúgbó wò. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má dán ọ̀rọ̀ eré mẹ́ta yìí wò, pé mo ti dàgbà jù. Ṣé òótọ́ ni?*

Arábìnrin mi, ẹ kí ọmọ yín fún mi, kí ẹ sọ fún un nípa Madonna Buder, sístà ìjọ Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 48 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ti lé ní 50 kó tó ṣe triathlon àkọ́kọ́. Ní 2012, nígbà tó di ẹni ọdún 82, ó parí irú èyí tó gùn bíi ti Gqeberha ní Kánádà kí wákàtí 17 tó pé. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wá olùkọ́ ìwẹ̀, kí ẹ sì wá èyí tó kúrú: ìwẹ̀ mítà 750, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 20, eré márùn-ún. Ní ti ìbẹ̀wò àwọn arúgbó, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé tó bá jìnnà jù nínú wọn. Ìdánrawò ti wọ ọ̀sẹ̀ yín nìyẹn, ẹ kò sì pàdánù ìbẹ̀wò kankan.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ Ìkùn-Èkìtì. Ṣé mo lè máa fi ìsédò wa kọ́ ìwẹ̀ triathlon? Mo tún fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.*

Rárá o. Inú rẹ dára, ṣùgbọ́n omi mímu àwọn èèyàn ni, ó jìn, kò sì sí ẹni tó máa yọ ọ́. Omi tó dúró, tí ìgbín omi ń gbé, náà ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Má kó ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Tí o bá wọ Adó, wá adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó ní olùṣọ́ omi, bẹ̀ wọ́n fún wákàtí kan lọ́jọ́ tí àlejò kò pọ̀, kí ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ dáadáa. Tí o bá ti lè lúwẹ̀ẹ́ 400 mítà láìdúró, kọ̀wé sí mi padà, màá sọ bí o ṣe máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.